Abẹ Ẹ̀rọ Ìgékoríko Bàbá Mi

Ariwo ẹ̀rọ ìgékoríko bàbá mi ni mo fi ń mọ̀ pé Sátidé ti pé nílé wa ní Dagenham. Iṣẹ́ òru ni wọ́n ń ṣe, inú ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń fọ̀. Tí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, wọ́n á wọlé, wọ́n á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á mu tíì tí mọ́mì mi ti gbé dè wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò ní í lọ sùn. Wọ́n á ṣí ṣẹ́ẹ̀dì, ilé pákó kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n á gbé ẹ̀rọ náà jáde, wọ́n á na wáyà rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé síbi iná nínú ilé ìdáná. Lẹ́yìn ìyẹn ni ariwo á bẹ̀rẹ̀. Mọ́mì á máa dín dòdò, òróró á máa ta. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìjẹ̀bú, á jókòó ti tábìlì, wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà, wọ́n á máa fi ohùn kékeré kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ̀rọ bá ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, ariwo rẹ̀ á bo orin náà mọ́lẹ̀; bí bàbá mi bá yí padà síbi ọgbà, orin á tún yọ. Àwa mẹ́rin péré la wà nínú ilé kánsù yẹn, ilé ìjọba ìbílẹ̀ tí a ń sanwó gbé. Èmi ni ọmọ kan ṣoṣo, mo sì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ́dún tí mò ń sọ yìí.

Nígbà náà, mo rò pé koríko ni bàbá mi fẹ́ràn. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Fítà ni wọ́n kí wọ́n tó wá sí London. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà ni wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ńláńlá ṣe. Ní ìlú òyìnbó, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n ṣe. Bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ìgbálẹ̀ ni wọ́n kó lé wọn lọ́wọ́. Nínú gbogbo ayé wọn, ẹ̀rọ ìgékoríko yẹn nìkan ló kù tí wọ́n láṣẹ lé lórí. Tí wọ́n bá gé koríko tán, wọ́n á dà á dé ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á fi igi pẹlẹbẹ ha koríko tútù tó lẹ̀ mọ́ ọn nínú, wọ́n á sì fi aṣọ nu abẹ rẹ̀, irin gígùn pẹlẹbẹ tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, tó ń gé koríko. Wọn kì í jẹ́ kí n sún mọ́ ọn. Wọ́n ní abẹ kì í mọ ojú ẹni tó ni ín.

Ní àsìkò ooru ọdún yẹn, Màmá Ìjẹ̀bú gbin tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, èmi náà sì fẹ́ ní ohun tí mo gbìn. Màmá ní ṣíbí irin gbọọrọ kan tí wọ́n gbé láti ilé wá, òun ni wọ́n fi ń ro ọbẹ̀, wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo mú ṣíbí náà láìtọrọ, mo fi ń gbẹ́ ilẹ̀ fún hóró òdòdó tí olùkọ́ wa pín fún wa. Òjò bẹ̀rẹ̀ lójijì. Mo sá wọlé, mo gbàgbé ṣíbí sínú koríko.

Ní Sátidé, ojú fèrèsé ilé ìdáná ni mo wà nígbà tí ẹ̀rọ náà ké. Kì í ṣe ariwo tí mo mọ̀ mọ́ ọn. Ó dún gbàmù, ó gbọ̀n jìgìjìgì lọ́wọ́ bàbá mi, ó sì dákẹ́. Wọ́n yọ wáyà rẹ̀, wọ́n dà á dé ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n nàró, mo rí ṣíbí Màmá Ìjẹ̀bú lọ́wọ́ wọn, ó ti ká kò. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo lóṣòó sábẹ́ fèrèsé.

Bàbá mi wọlé. Wọn kò pariwo. Wọ́n gbé ṣíbí náà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà, wọ́n ní abẹ ẹ̀rọ ti tẹ̀, etí rẹ̀ sì ti kán, wọ́n wá bèèrè ẹni tó fi ṣíbí sínú koríko. Màmá Ìjẹ̀bú ní ó di ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn ti ń wá a. Mọ́mì ní àwọn ò mọ̀ sí i. Gbogbo wọn wá kọjú sí mi.

“Bùsọ́lá, ṣé ìwọ ni?”

“Rárá, Dádì.”

Bàbá mi wò mí fún ìgbà díẹ̀. Títí di òní, mo gbà pé wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n bu omi wá. Mo sáré bù ú, inú mi ń dùn pé ọ̀rọ̀ ti tán. Wọ́n nawọ́ gba ife náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn kò lè dì í mú. Ó bọ́, ó fọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ṣa àfọ́kù rẹ̀, nígbà tí mo sì gbójú sókè, apá kan ẹnu wọn ti wọ́ wálẹ̀. Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde. Mọ́mì pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gbá fóònù mú. Kí áńbúláǹsì tó dé, bàbá mi ti yẹ̀ lórí àga, Màmá Ìjẹ̀bú sì ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín omi àti àfọ́kù, wọ́n gbé orí ọmọ wọn lé itan bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ohun tí àwọn dókítà sọ nìyẹn, ohun tí àwọn àgbà ilé sì ń sọ fún ẹni tó bá bèèrè nìyẹn. Èmi ní ohun tèmi tí mo mọ̀. Ṣíbí tí mo gbàgbé ló ba ẹ̀rọ jẹ́, ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ló ba Dádì nínú jẹ́, irọ́ tí mo pa sì ni ìbànújẹ́ náà gùn wọ orí wọn. Bí ọmọdé ṣe ń ro nǹkan nìyẹn, yóò tò ó bí ẹni to bíríkì, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń mọ ilé kankan. Màmá Ìjẹ̀bú ń se oúnjẹ, omijé ń bọ́ lójú wọn sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, wọ́n ń wí pé bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mọ́mì ń ti ilé ìwòsàn lọ sí ibi iṣẹ́, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Barking, wọ́n tún ń ti ibẹ̀ padà sí ilé ìwòsàn. Èmi ò sunkún. Ó dà bíi pé n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Àwọn àgbà ìjọ wa máa ń wá lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìsinmi nínú sútànà funfun wọn. Wọ́n á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á gbàdúrà pẹ̀lú wa. Ìyá kan láàárín wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń mú bisikíìtì wá fún mi, gbàdúrà pé ọwọ́ yòówù tó bá wà nídìí àìsàn yìí, kí Ọlọ́run tú u fó. Àdúrà tí wọ́n ń gbà fún gbogbo aláìsàn ni, wọn kò ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Gbogbo ilé ṣe àmín. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì, mo kó wọn sábẹ́ itan mi, mo sì jókòó lé wọn lórí títí àdúrà fi parí.

Nígbà tí wọ́n gbé bàbá mi padà wálé, ewé ti wọ́ tán lára igi. Pálọ̀ la tẹ́ ibùsùn wọn sí, nítorí wọn kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé, Yorùbá àti òyìnbó, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu wọn: “Ó dáa.” Ebi pa wọ́n, wọ́n á ní ó dáa. Ẹsẹ̀ ń ro wọ́n, wọ́n á ní ó dáa. A bi wọ́n bóyá ká ti fèrèsé, wọ́n á ní ó dáa. A tì í, wọ́n á tún máa tẹnu mọ́ ọn pé ó dáa, ó dáa, ojú wọn á pọ́n, nígbà náà la ó tó mọ̀ pé wọn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wá ṣàlàyé fún Mọ́mì pé ọ̀rọ̀ ṣì wà nínú orí wọn, ọ̀nà tó ń gbà jáde ló ti bàjẹ́. Màmá Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ojú ni Fẹ́mi, ọmọ àwọn, fi ń sọ̀rọ̀ báyìí, kí á yéé tẹ́tí, kí á máa wò ó.

Òtútù kọjá. Koríko ẹ̀yìnkùlé bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ó dé kókósẹ̀, ó dé orúnkún mi. Lẹ́tà dé láti kánsù pé kí á tọ́jú ọgbà wa. Àǹtí Dọ́rìn, òyìnbó arúgbó tó ń gbé ilé kejì, bá Mọ́mì sọ̀rọ̀ láti òdìkejì ọgbà tó pààlà pé àwọn mọ ẹnìkan tó lè wá gé e. Inú rere ni. Ṣùgbọ́n bàbá mi gbọ́ ọ láti orí ibùsùn, wọ́n sì kọjú sí ògiri, wọn kò jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà. Mọ́mì dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí Dọ́rìn, wọ́n ní kó ṣì dúró ná.

Ní ọjọ́ kan tí Mọ́mì dé láti ibi iṣẹ́, wọn ò tilẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n wọ́ ẹ̀rọ náà jáde, wọ́n fi iná sí i. Abẹ tó tẹ̀ yẹn kò lè gé nǹkan kan. Ó ń fa koríko já, ó ń gbọ̀n, ó ń rùn bí rọ́bà tó ń jóná. Mọ́mì tì í lọ, wọ́n tì í bọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n pa á, wọ́n jókòó sínú koríko tútù, ẹ̀yìn wọn sí ilé. Mo rí èjìká wọn tó ń mì. N kò tíì rí i kí ìyá mi sunkún rí. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé bí mi ò bá lè sọ ohun tí mo ṣe, ó kéré tán, mo lè tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe.

Mo da nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ kọ sẹ́yìn ìwé iléèwé mi. Mo sọ fún Màmá Ìjẹ̀bú pé a fẹ́ ra nǹkan kan fún Mọ́mì, a sì jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Chadwell Heath, sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta òòlù, ìṣó àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú títì ńlá. Ọkùnrin ibẹ̀ wo nọ́ńbà náà, ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó sì gbé abẹ tuntun jáde nínú páálí. Màmá Ìjẹ̀bú gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní ṣé irin kékeré yìí náà ló ń pariwo tó báyẹn, wọ́n sì san owó rẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀, wọ́n sọ fún mi pé láti ìgbà tí bàbá mi ti ṣubú ni àwọn ti ń wò mí, pé àìsọ̀rọ̀ ní í mú kí ẹnu máa rùn. Wọ́n ní bí ohun kan bá wà nínú mi, kí n sọ ọ́. Mo ní kò sí nǹkan. Wọn kò tún bi mí mọ́, wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú títí a fi sọ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Mọ́mì lọ síbi iṣẹ́. Oòrùn mú, Màmá Ìjẹ̀bú àti èmi sì gbé bàbá mi jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn. Màmá padà sídìí ìkòkò wọn. Mo wọ́ ẹ̀rọ náà jáde síwájú bàbá mi. Ojú wọn yí padà bí wọ́n ti rí i, ṣùgbọ́n n kò dúró wò ó dáadáa. Mo na wáyà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mo fi sí iná, mo fún ọwọ́ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó dún. Inú mi dùn, mo fi í sílẹ̀, mo dà á dé ẹ̀gbẹ́ kan, mo mú sípánà, mo sì na ọwọ́ kejì sí abẹ láti dì í mú kó má yí. Wáyà ṣì wà nínú iná. Ibi tí èèyàn ń fún kí ẹ̀rọ tó yí ti há mọ́ àtẹ̀gùn ṣẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá tì í díẹ̀ sí i, yóò fún ara rẹ̀.

“Ó dáa!” ni bàbá mi wí lẹ́yìn mi. “Ó dáa! Ó dáa!”

Mo rò pé wọ́n ń yìn mí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì tẹ̀ síwájú. Ìgbà tí mo gbọ́ ìró ara tó lu ilẹ̀ ni mo tó bojú wẹ̀yìn. Bàbá mi ti ju ara wọn sílẹ̀ láti orí àga. Wọ́n dojú dé sórí ṣìmẹ́ǹtì, wọ́n fi ọwọ́ òsì gbá wáyà mú, wọ́n sì fi gbogbo ara fà á títí ó fi yọ kúrò níbi tí wáyà ẹ̀rọ ti so mọ́ wáyà gígùn tó ti inú ilé wá.

Màmá Ìjẹ̀bú sáré jáde. Àwa méjèèjì gbé wọn dìde, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà ní ìgbọ̀nwọ́ wọn. Wọn kò jẹ́ kí Màmá nù ún. Ọwọ́ mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, wọ́n fọwọ́ kan ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n tún padà bẹ̀rẹ̀ láti orí èkínní. Màmá wo wáyà, wọ́n wo abẹ, wọ́n wo ojú ọmọ wọn, ó sì yé wọn.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ wọ́ ẹ̀rọ padà sínú ṣẹ́ẹ̀dì, bàbá mi gbá aṣọ mi mú. Wọ́n mú orí wáyà náà, wọ́n gbé e lé itan ara wọn, wọ́n fọwọ́ lé e, wọ́n sì fi ojú sọ fún mi pé kí n wọ́ ẹ̀rọ sún mọ́ àga wọn, kí n bẹ̀rẹ̀ báyìí. Mo wọ ìbọ̀wọ́ tí Mọ́mì fi ń fọ abọ́, wọ́n mi orí pé rárá, wọ́n nàka sí ṣẹ́ẹ̀dì, mo lọ mú ìbọ̀wọ́ awọ tiwọn wá, ó tóbi jù mí lọ. Wọ́n nàka sí igi kan, wọ́n fi hàn mí bí mo ṣe máa tì í bọ inú ẹ̀rọ kí abẹ má lè yí. Mo fi sípánà sí orí bóòtù tó di abẹ mú. Kò mì, ó ti dípẹtà. Bàbá mi sún síwájú lórí àga, wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn lé ọwọ́ mi méjèèjì, a jọ tẹ̀ ẹ́. Ó ké, ó rọ̀. Mo to bóòtù àti òrùka irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ sórí orúnkún wọn bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀ léra, kó má baà rú mi lójú, abẹ àtijọ́ sì bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo rí ibi tó ti tẹ̀. Mo rí ibi tí ṣíbí ti gé e jẹ bí eyín. Mo ti fi oṣù mẹ́wàá sá fún ibẹ̀.

“Dádì, èmi ni mo fi ṣíbí sínú koríko. Mo purọ́ fún yín. Èmi ni mo sọ yín di báyìí.”

“Ó dáa,” ni wọ́n wí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n fi kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan, tí mo fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n fi ń pe ebi àti ìrora. Gbogbo ẹkún tí mo ti tì mọ́lẹ̀ láti ọdún tó kọjá dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní kí wọ́n má sọ pé ó dáa, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, báwo ni màá ṣe mọ̀.

Bàbá mi wo Màmá Ìjẹ̀bú tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó nàka sí ṣẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan sí i, sókè, síbi pẹpẹ tó ga jù. Mo gun bọ́kẹ́ẹ̀tì. Agolo bisikíìtì tí wọ́n ń kó bóòtù sí ni mo rí níbẹ̀, mo gbé e wá. Wọ́n da àwọn bóòtù sílẹ̀. Lábẹ́ wọn ni àpò bébà láti ilé oògùn wà, mẹ́rin, orúkọ bàbá mi lára wọn, páálí oògùn inú wọn odindi, a kò ṣí ọ̀kan. Màmá ní kí n kà á. Mo kà á fún wọn, mo ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ẹyọ kan lójúmọ́. Mo ka oṣù tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù ti lé lọ́dún kan kí n tó fọwọ́ kan ṣíbí.

Bàbá mi mú ọ̀kan, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n pa ìka mi dé lé e lórí. Wọ́n nàka sí mi, wọ́n mi orí. Wọ́n wá fi ọwọ́ òsì lu àyà ara wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọn kò lo ọ̀rọ̀ kankan.

“Ìwọ lo fi pamọ́ fún wa, Fẹ́mi?” ni Màmá Ìjẹ̀bú wí. “Oṣù mẹ́wàá ni mo fi ń gbààwẹ̀. Mò ń bi Ọlọ́run léèrè ẹni tó ṣe ọmọ mi.”

Bàbá mi tẹrí ba níwájú ìyá wọn. Omi ń bọ́ láti imú wọn sórí wáyà tó wà ní itan wọn. Màmá kò bá wọn wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí bí wọ́n ti máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n wọn kò gbàdúrà. Wọ́n kàn dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹkún mi fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n parí iṣẹ́ mi.

Mo kọ́kọ́ gbé abẹ tuntun náà sí i lódì. Bàbá mi mi orí, wọ́n yí i padà, wọ́n fọwọ́ kan ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí lára rẹ̀, wọ́n nàka sí ilẹ̀: ojú tó ní ìwé lára ló gbọ́dọ̀ kọ sí koríko. Mo dá òrùka irin padà, mo dá bóòtù padà, a jọ fún un le. Wọ́n ní kí n yọ igi, kí n fọwọ́ yí abẹ náà jẹ́jẹ́, ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò kan ibì kankan. Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ nàró tán ni wọ́n tó gbé wáyà kúrò ní itan wọn, tí wọ́n nà án sí mi. Mo gé koríko náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ìlà mi wọ́, ó ga níbì kan, ó kuru níbòmíràn. Koríko ti gùn jù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gé gbogbo rẹ̀. Bàbá mi kò wọlé títí mo fi ṣe tán.

Mọ́mì dé ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gbóòórùn koríko láti iwájú ilé, wọ́n gba inú ilé kọjá kíákíá láti wò ó, ṣùgbọ́n agolo ni wọ́n kọ́kọ́ rí lórí tábìlì. Màmá Ìjẹ̀bú ṣàlàyé fún wọn. Mọ́mì jókòó sórí àtẹ̀gùn tòun ti kóòtù lọ́rùn, wọ́n tú àpò bébà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá lọ dúró níwájú bàbá mi.

“Bàbá Bùsọ́lá, ẹ fẹ́ fi wá sílẹ̀ láìsọ fún wa.”

A kò mọ ìdí rẹ̀ dájú títí di òní, nítorí ẹni tó lè sọ ọ́ kò rí ọ̀rọ̀ fi sọ ọ́. Mọ́mì gbà pé ẹ̀rù ló ba bàbá mi pé bí wọ́n bá mọ̀ níbi iṣẹ́ pé ara wọn kò le, wọ́n á yọ wọ́n. Ọjọ́ méjì gbáko ni Mọ́mì kò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n wẹ̀ fún wọn, wọ́n sì fún wọn lóúnjẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé oògùn tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ wá pẹ̀lú ife omi, wọ́n dúró títí bàbá mi fi gbé e mì, wọ́n sì sọ fún wọn pé oòrùn ti yọ. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é ní gbogbo òwúrọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án tí bàbá mi tún lò láyé.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ padà sí wọn lẹ́nu, ó tó ogún. Orúkọ ìyá wọn ló kọ́kọ́ jáde, tèmi ló ṣìkejì. Wọn kò rìn láìsí ọ̀pá mọ́. Èmi ni mò ń gé koríko títí mo fi fi ilé sílẹ̀, abẹ mẹ́ta ni mo sì pààrọ̀ fún ẹ̀rọ náà níṣojú wọn. Nígbà tí mo dàgbà, mo bi dókítà kan bóyá ìbínú Sátidé yẹn lè dá kún un. Ó ní òun ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, òun ò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí n kò tíì lè gbà tán ni ti bàbá mi, pé wọ́n fi gbogbo àkókò yẹn gbé oògùn sábẹ́ bóòtù, wọ́n ń bá wa jẹ dòdò ní Sátidé, wọ́n sì ń rò pé àwọn ń dáàbò bò wá. Mo fẹ́ràn wọn, inú sì ń bí mi sí wọn. Méjèèjì ti jọ ń gbé nínú mi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti di ojúlùmọ̀.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi ní ilé ìwòsàn. Ó ga. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ní in, ó sì kọ oògùn fún mi. Nínú bọ́ọ̀sì, mo rí i pé mo ti ti páálí oògùn náà sí ìsàlẹ̀ báàgì, sábẹ́ síkáàfù mi, láìmọ̀ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo yọ ọ́ jáde. Mo gbé e lé itan mi, lójú gbogbo èrò, títí mo fi délé. Ọkọ mi ń bu ìrẹsì sáwo, àwọn ọmọ ti jókòó. N kò bọ́ bàtà, n kò sì bọ́ kóòtù sílẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ní kí gbogbo wọn dákẹ́, mo ní mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún wọn nípa ara mi.